Ikú Tí Ó Ń Dá Ẹ̀mí Sí

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìrun, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjà oyè lẹ́móòmù tí ó ti sú gbogbo wa. Ọ̀rọ̀ ikú ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ikú tí à ń gbẹ́ sàárè fún. Ikú kan ni tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara èmi àti ẹ̀yin bí ẹ ti di ìwé ìròyìn yìí mú, tí ó sì jẹ́ wí pé bí kò bá ṣẹlẹ̀, àwa fúnra wa ni yóò kú.

Bí ẹnikẹ́ni bá ti sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún mi ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ẹ̀rín ni ǹ bá fi rín in. Ọmọ ilé kéú ni mí ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Wàláà ni mo kọ́kọ́ gbé kí n tó gbé síléètì, ilé ìwé gíga tí mo sì lọ kò kọjá kíláàsì kẹta. Nítorí náà, kí ẹ má ṣe rò pé mo fẹ́ fi ìmọ̀ dókítà ṣe fáàrí fún yín. Ẹ̀bi ara mi ni ó gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí, n óò sì sọ ọ́ bí ó ti rí.

Ní ọdún 2011, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi kan, tí gbogbo agbo ilé ń pè ní Ìyá Aláṣọ nítorí àǹkárá tí ó ń tà ní ọjà Balógun, wá bá mi lẹ́yìn ìrun alẹ́. Ó kúnlẹ̀ kí mi bí ìṣe rẹ̀, ó ní, "Ọkọ mi, Àáfà mi, kókó kan wà ní ọyàn mi òsì. Kò dùn mí, ṣùgbọ́n kò lọ." Mo ní kí ó fi ọkàn balẹ̀. Mo kọ hàntú fún un, mo fọ wàláà, ó mu ún fún ọjọ́ 21. Nígbà tí kókó náà kò lọ, mo tún kọ òmíràn. Oṣù méje gbáko ni a fi ṣe èyí. Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí mi pé n kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n mo gba oṣù méje lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà tí orí ọyàn náà fà wọ inú, tí awọ rẹ̀ dà bí èèpo ọsàn, ni a tó gbé e lọ sí ọsibítù. Àwọn dókítà sọ fún wa pé jẹjẹrẹ ni, àti pé ó ti dé inú ẹ̀dọ̀. Ó kú ní ọdún 2013. Èmi ni mo ṣíwájú ìrun tí a kí sí i lára.

Ọmọbìnrin rẹ̀ àbíkẹ́yìn ń ṣe ìdánwò ìwé mẹ́wàá ní ọdún náà. Lẹ́yìn náà ni ó wọ yunifásítì, ó sì kọ́ ẹ̀kọ́ báyòkẹ́mísírì, èyí tí í ṣe ìmọ̀ nípa àwọn ohun tí ara fi ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Nínú àwẹ̀ Ràmàdánì tí ó kọjá, lẹ́yìn tí a ti ṣínu, a jókòó sí iwájú ilé wa ní ìtòsí Ẹnu-Ọ̀wá, ó sì bi mí léèrè pé, "Bàbá, ṣé ẹ mọ ohun tí ó pa ìyá mi?"

Mo ní, "Jẹjẹrẹ ni, ọmọ mi."

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni sà. Ṣùgbọ́n kí ni jẹjẹrẹ? Sẹ́ẹ̀lì kan ni tí wọ́n pàṣẹ fún pé kí ó kú, tí ó sì kọ̀ tí kò kú."

Mo ní, "Ta ni ó pàṣẹ fún un?" Ìbéèrè yìí ni kò jẹ́ kí á dìde níbẹ̀ títí sààrì fi kù díẹ̀. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ ní òru ọjọ́ náà, àti ohun tí mo ti wádìí láti ìgbà náà wá, ni mo fẹ́ kó sílẹ̀ níwájú yín.

Ará mi, sẹ́ẹ̀lì ni a fi kọ́ ara wa gẹ́gẹ́ bí a ti ń fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ilé. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé búlọ́ọ̀kù kò ní ẹ̀mí, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì ní ẹ̀mí. Ó ń jẹun, ó ń ṣiṣẹ́, ó sì ń pín sí méjì láti bí irú ara rẹ̀. Ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí i, àfi bí a bá lo awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá. Nínú rẹ̀ ni ìwé àṣẹ kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní DNA, wọ́n sì ń pe orí-ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan inú ìwé náà ní jíìnì. Èyí sọ bí ojú yóò ti rí, èyí sọ bí ẹ̀jẹ̀ yóò ti rí. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé nínú ìwé kan náà ni a ti kọ bí sẹ́ẹ̀lì yóò ti pa ara rẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ rẹ̀ bá parí, tàbí nígbà tí ó bá bàjẹ́ kọjá àtúnṣe.

Ẹ wo ìka ọwọ́ yín. Nígbà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ di oyún, ọwọ́ yín kò ní ìka, ó rí pẹlẹbẹ bí abẹ̀bẹ̀ ni. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ keje sí ìkẹjọ, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó wà láàárín ibi tí ìka yóò wà gba àṣẹ pé kí wọ́n kú, wọ́n kú, ìka márùn-ún sì yọ. Ní ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ, àwọn sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ kì í gba irú àṣẹ bẹ́ẹ̀, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí awọ fi wà láàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ó fi ń tukọ̀ nínú omi. Ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ tí ó ṣì wà nínú omi ní ìrù. Nígbà tí ó bá tó àkókò láti gun orí ilẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì ìrù náà á kú, ìrù á sì parẹ́. Nínú ara àgbàlagbà kan ṣoṣo, ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù sẹ́ẹ̀lì ni ó ń kú báyìí lójúmọ́, tí òmíràn sì ń rọ́pò wọn, a kì í sì í gbọ́ ariwo.

Ní ọdún 1972 ni John Kerr, dókítà ọmọ ilẹ̀ Australia, pẹ̀lú Andrew Wyllie àti Alastair Currie tí wọ́n wà ní Yunifásítì Aberdeen ní ilẹ̀ Scotland, kọ ìwé kan jáde pé irú ikú méjì ni ó ń pa sẹ́ẹ̀lì. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan tí ń kọ́ni ní èdè Gíríìkì ní yunifásítì náà ni ó bá wọn wá orúkọ fún irú ikú tí mo ń sọ yìí. Apoptosis ni wọ́n pè é. Ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè náà ni jíjábọ́ ewé láti orí igi. Nígbà tí ọmọ wa sọ èyí, mo dákẹ́, nítorí ọkàn mi lọ sí áyà 59 nínú Súrátùl An'ám, níbi tí ọ̀rọ̀ ewé tí ń já bọ́ wà, tí gbogbo ọmọ kéú sì mọ̀ ọ́n. N kò sọ pé àwọn ọkùnrin wọ̀nyí kà á kí wọ́n tó sọ orúkọ náà o. Mo kàn sọ fún yín bí ó ti rí lára mi ni.

Irú ikú méjèèjì náà nìyí, ará Ìsàlẹ̀ Èkó ni yóò sì tètè yé jù lọ, nítorí pé ògiri wa fara kan ògiri aládùúgbò. Bí iná bá sọ nínú ilé kan, kò ní parí síbẹ̀. Gbogbo wa ni a rí iná tí ó jó ní Balógun ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, bí ó ti ń ran láti ilé kan mọ́ èkejì. Bẹ́ẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì tí a gún, tàbí tí omi gbígbóná jó, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Yóò wú, yóò bẹ́, ohun inú rẹ̀ yóò dà sí ara àwọn tí ó yí i ká, ibẹ̀ yóò pọ́n, yóò sì máa ro èèyàn. Ṣùgbọ́n bí ilé kan bá gbó, tí onílé sì pe káfíńtà, ẹ mọ bí wọ́n ti í tú u. Wọn á ká páànù, wọn á yọ ilẹ̀kùn àti fèrèsé, wọn á já igi àjà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn á dì wọ́n, aládùúgbò á sì kó èyí tí ó wúlò lọ. Bí apoptosis ti rí nìyẹn. Sẹ́ẹ̀lì náà á súnkì, á gé DNA ara rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, á pín ara rẹ̀ sí òkìtì kéékèèké tí awọ ṣì bò, á sì gbé àmì kan sí ìta pé kí ẹ wá kó mi. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó wà nítòsí á jẹ ẹ́ tán, wọn á sì fi ohun èlò rẹ̀ tún ara wọn ṣe.

Ó dára. A ti rí i pé ó ń ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n níbo ni àṣẹ náà wà? Ẹni tí ó fi iṣẹ́ ayé rẹ̀ wá èyí ni Robert Horvitz, tí a bí ní ìlú Chicago ní ọdún 1947. Kí ó tó dé ìdí iṣẹ́ náà, Sydney Brenner, ọmọ ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti yan aràn kékeré kan tí ń gbé inú ilẹ̀. Gígùn aràn yìí kò ju mìlímítà 1 lọ, ara rẹ̀ sì mọ́ gaara bí dígí, tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn lè fi awò ka sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ nígbà tí ó ṣì wà láàyè. John Sulston jókòó ti awò, ó ń tẹ̀lé sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan láti inú ẹyin. Horvitz dara pọ̀ mọ́ wọn ní ọdún 1974. Ohun tí kíkà náà fi hàn ni pé sẹ́ẹ̀lì ara tí aràn náà ń bí bí ó ti ń dàgbà jẹ́ 1,090, pé 131 nínú wọn ń kú, ó sì ku 959. Kì í ṣe 130, kì í ṣe 132. Àwọn kan náà ni ó sì ń kú nínú aràn kọ̀ọ̀kan, ní àkókò kan náà.

Ní ọdún 1978, Horvitz padà sí ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ó di olùkọ́ ní MIT. Iṣẹ́ tí ó gbé ka iwájú ni pé kí ó wá aràn tí àwọn 131 náà kọ̀ láti kú nínú rẹ̀, kí ó lè mọ jíìnì tí ó bàjẹ́ níbẹ̀. Ní ọdún 1986, òun àti Hilary Ellis, ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀, kéde jíìnì méjì, ced-3 àti ced-4. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá bàjẹ́, kò sí èyí tí yóò kú nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí ced-9, èyí tí ó dúró bí ẹ̀ṣọ́ tí ó di ọwọ́ apààyàn mú kí ó má ba à ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láìtọ́. Ní ọdún 1993 ni ó hàn gbangba pé ced-3 ti aràn bá purotéènì kan tí ń gé nǹkan nínú ara ènìyàn mu. Ẹ gbọ́ o, ará mi: àṣẹ tí ó ń pa ìrù ọ̀pọ̀lọ́, tí ó ń ya ìka ọmọ sọ́tọ̀ nínú oyún, òun náà ni ó wà nínú aràn inú ilẹ̀. Ní ọdún 2002, Brenner, Sulston àti Horvitz jọ gba ẹ̀bùn Nobel.

Horvitz náà mọ bí ó ti í rí nígbà tí àṣẹ náà bá ṣì ọ̀nà. Àìsàn kan tí ń pa iṣan tí ó ń darí ẹran ara ni ó pa bàbá rẹ̀. Nínú irú àìsàn bẹ́ẹ̀, sẹ́ẹ̀lì tí a ṣì nílò ni ó ń kú ṣáájú àkókò. Ó wà lára àwọn tí ó rí ọ̀kan nínú àwọn jíìnì tí ó ń fa àìsàn náà ní ọdún 1993. Ikú tí ó yá jù burú. Ikú tí ó kọ̀ tí kò dé náà burú, ìyẹn sì ni jẹjẹrẹ.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ òkèèrè nìkan ni mo ń sọ. Ní ọdún 1958, Denis Burkitt, dókítà oníṣẹ́ abẹ ní ilẹ̀ Uganda, kọ nípa jẹjẹrẹ kan tí ń mú èèkẹ́ àwọn ọmọdé ilẹ̀ wa wú, ní gbogbo ibi tí ibà pọ̀ sí. Àwọn dókítà Ìbàdàn mọ̀ ọ́n dáadáa. Kò sí jẹjẹrẹ tí ó ń yára dàgbà tó o, bí ọjọ́ méjì péré bá kọjá, ó lè di ìlọ́po méjì. Bí wọ́n bá fi awò wò ó, ó dà bí ojú ọ̀run òru tí ó kún fún ìràwọ̀. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ni òkùnkùn ojú ọ̀run náà. Ìràwọ̀ ibẹ̀ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń jẹ òkú. Ìyẹn ni pé nínú jẹjẹrẹ náà gan-an, ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì ṣì ń gbọ́ àṣẹ, wọ́n sì ń kú, ṣùgbọ́n àwọn aláìgbọràn ń bí sí i ju èyí tí ń kú lọ. Victor Anomah Ngu, ọmọ ilẹ̀ Kamẹrúùnù tí ó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n iṣẹ́ abẹ ní Yunifásítì Ìbàdàn, wà lára àwọn tí ó fi oògùn wo irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ tí èèkẹ́ wọn sì rọ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Irú oògùn bẹ́ẹ̀ ń fọ́ DNA sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ náà títí yóò fi gbọ́ àṣẹ ikú tí ó ti kọ etí dídi sí. Ní ọdún 1972 ni wọ́n fún Ngu, Burkitt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní ẹ̀bùn Lasker ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọdún kan náà tí àwọn ará Aberdeen rí orúkọ fún ikú yìí. Ní ẹ̀ka báyòkẹ́mísírì ní Ìbàdàn bákan náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olufunso Olorunsogo àti àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti fi ọ̀pọ̀ ọdún yẹ ewé àti egbò ilẹ̀ wa wò lára ẹ̀dọ̀ eku, láti mọ èyí tí ó lè ṣí ilẹ̀kùn tí àṣẹ ikú ń gbà jáde nínú sẹ́ẹ̀lì, àti èyí tí ó lè tì í.

Èyí tí ó kan ilé wa jù lọ ni iṣẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Olufunmilayo Olopade. Ìbàdàn ni ó ti kọ́ iṣẹ́ dókítà, ó jáde ní ọdún 1980, ó sì kọjá sí ìlú Chicago. Ó ṣàkíyèsí pé jẹjẹrẹ ọyàn ń mú àwọn obìnrin wa ní kékeré, ó sì ń le lára wọn. Òun àti àwọn dókítà UCH Ìbàdàn, pẹ̀lú àwọn onímọ̀ mìíràn, yẹ jíìnì àwọn obìnrin ilẹ̀ Nàìjíríà 1,136 tí ó ní jẹjẹrẹ ọyàn wò, àti ti 997 tí kò ní in. Ní ọdún 2018 ni wọ́n kéde ohun tí wọ́n rí. Nínú 100 àwọn tí ó ní àìsàn náà, nǹkan bí 15 ni wọ́n jogún jíìnì tí ó bàjẹ́. Nínú àwọn tí kò ní in, kò pé 2 nínú 100. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn jíìnì náà ni BRCA1, BRCA2 sì tẹ̀lé e.

Iṣẹ́ àwọn jíìnì méjì yìí ni láti máa lẹ ibi tí DNA bá ti fà ya. Ọ̀kan wà lẹ́yìn wọn tí ó ń jẹ́ TP53. Òun ni olùṣọ́. Bí ó bá rí i pé yíya náà ti pọ̀ ju ohun tí a lè lẹ̀ lọ, òun ni ó máa ń pàṣẹ fún sẹ́ẹ̀lì náà pé kí ó kú kí ó má ba à ba ará ilé jẹ́. Ní ara ẹni tí ó jogún BRCA1 tí ó bàjẹ́, ó rọrùn kí yíya máa gorí yíya títí yóò fi kan ojú ìwé olùṣọ́ náà gan-an. Láti ọjọ́ náà, sẹ́ẹ̀lì kò gbọ́ àṣẹ mọ́. Kókó tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi fi ọwọ́ kàn nígbà náà, irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni kókó ń gbà dìde.

Ìmọ̀ yìí kò sì dúró sínú ìwé. Ẹ rántí ced-9, ẹ̀ṣọ́ inú aràn. Ènìyàn náà ní irú rẹ̀, Bcl-2 ni wọ́n ń pè é, ó sì máa ń pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ nínú àwọn jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan. Ní ọdún 2016, ilẹ̀ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn kan tí ń jẹ́ venetoclax, tí ó ń yọ ọwọ́ ẹ̀ṣọ́ náà kúrò kí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ lè kú bí ó ti yẹ. Oògùn mìíràn wà, olaparib, fún àwọn tí jíìnì BRCA wọn bàjẹ́. Ó ń dí ọ̀nà àtúnṣe kan ṣoṣo tí ó kù fún sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ náà, yíya á sì pọ̀ títí yóò fi kú.

Mo sọ ọ̀rọ̀ yìí fún àáfà ẹlẹgbẹ́ mi kan ní Òkè Pópó. Ó wò mí tìyanu-tìyanu, ó ní, "Àáfà, ṣé ohun tí o ń sọ ni pé sẹ́ẹ̀lì ni ó ń pa ara rẹ̀, kì í ṣe Ọlọ́run?" Mo dá a lóhùn pé nígbà tí òjò bá ń rọ̀, a máa ń sọ pé ìkúukùu ni ó rọ̀ ọ́, kò sì sí ẹni tí ó pè wá ní kèfèrí. Bí ìwé àṣẹ bá wà nínú sẹ́ẹ̀lì, ìwé kì í kọ ara rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní mo ti bọ́ nínú ìyẹn, ṣùgbọ́n ó tún bi mí ní èkejì, èyí tí kò rọrùn. Ó ní, "Bí àkókò Ìyá Aláṣọ bá ti pé, kí ni o wá ń da ara rẹ láàmú sí?"

Mo ti ro ìbéèrè yìí ní ọ̀pọ̀ òru. Èmi náà gbà pé àkókò wà lọ́wọ́ Ọlọ́run, kò sì sí ẹni tí ó lè fi wákàtí kan kún un. Ṣùgbọ́n Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, pa á láṣẹ fún wa pé kí á máa wá ìwòsàn. Kò sọ pé kí á jókòó ti kádàrá. Ìgbà tí obìnrin náà yóò kú wà nínú ìwé tirẹ̀. Oṣù méje tí mo fi dá a dúró wà nínú ìwé tèmi, èmi ni a óò sì bi léèrè rẹ̀. N kò lè fi kádàrá rẹ̀ san gbèsè ọwọ́ mi.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì tíì parí nínú ilé wa. Ọmọ wa fẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ òun wò, kí òun lè mọ̀ bóyá òun jogún jíìnì náà lọ́dọ̀ ìyá òun. Nígbà tí ó sọ ọ́ jáde, ilé gbóná. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti ń fẹ́ ẹ, a sì ti ń múra ọjọ́ tí a óò so yìgì. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Àáfà, bá mi dá ọmọ yìí lẹ́kun. Bí wọ́n bá gbọ́ pé ó ní ohun kan lára, ta ni yóò fẹ́ ẹ? Ẹ jẹ́ kí á fi bo ara wa láṣìírí."

Mo dọ̀bálẹ̀ fún un kí n tó sọ̀rọ̀, nítorí pé ẹ̀gbọ́n ni. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, àṣírí ni èmi àti ìyàwó yín fi bo kókó ọyàn náà ní oṣù méje. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí mọ ohun tí ó wà lára rẹ̀. Bí ó bá wà níbẹ̀, àwọn dókítà á máa ṣọ́ ọ lọ́dọọdún, wọ́n á tètè rí i bí ó bá fẹ́ yọ. Bí kò bá sì sí níbẹ̀, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀." Ẹ̀gbọ́n mi kò fọhùn. Nígbà tí ó pẹ́, ó ní kí n ṣe bí mo bá ti rí i pé ó tọ́.

Èmi fúnra mi ni mo pe ọ̀dọ́mọkùnrin náà, níwájú ọmọ wa, nítorí pé n kò lè so yìgì lórí ohun tí a fi pa mọ́. Mo là á yé e, mo sì fi kún un pé bí ìyá ti lè gbé jíìnì yìí fún ọmọ ni bàbá náà lè gbé e, kí ó má ba à rò pé ilé obìnrin nìkan ni irú rẹ̀ ń wà. Ó fara balẹ̀ gbọ́. Ó ní òun yóò lọ bá àwọn òbí òun sọ ọ́. Títí di àkókò tí mo ń kọ ìwé yìí, kò tíì padà wá. Ọmọ náà ní òun kò ní torí èyí yí ọkàn padà. Ọjọ́ Ajé tí ń bọ̀ ni yóò lọ fún àyẹ̀wò náà, èmi ni n óò sì sìn ín lọ.

Ẹ̀yin àáfà ẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin ni mo ń bẹ̀. Bí obìnrin bá wá sọ fún yín pé kókó wà ní ọyàn òun, kí ẹ ṣe àdúà fún un, kí ẹ sì rí i pé ó dé ọ̀dọ̀ dókítà ní ọjọ́ náà tàbí ní ọjọ́ kejì. Àdúà lè bá a dé ọsibítù. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ máa fi ọwọ́ yẹ ọyàn yín wò. Kókó tí kò dunni, orí ọyàn tí ó fà wọ inú, ẹ̀jẹ̀ tí ń jáde lẹ́nu rẹ̀, awọ tí ó dà bí èèpo ọsàn, ẹ má ṣe dúró ti ìkankan nínú wọn. Ẹ̀yin ọkọ, owó ọkọ̀ àti owó dókítà kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí obìnrin bẹ̀bẹ̀ fún. Ẹ̀yin ilé tí jẹjẹrẹ ọyàn ti pa ìyá tàbí àbúrò ní kékeré, ẹ jọ̀wọ́ ẹ sọ fún àwọn ọmọ, lọ́kùnrin lóbìnrin. Wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀.

Kí Ọlọ́run kẹ́ Ìyá Aláṣọ, kí ó fi àlùjánnà ṣe ibùgbé rẹ̀. Kí ó forí jì mí lórí oṣù méje náà. Kí ó sì bá wa mú ọjọ́ Ajé náà dé ní ìrọ̀rùn. Àmín.